Ríìlì Centerpin: Ẹ Wá Èyí Tó Yá Láti Gbéra, Ẹ Fi Èyí Tó Ń Pẹ́ Yí Sílẹ̀

Òǹkàwé kan kọ̀wé báyìí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ríìlì tí wọ́n ń lò káàkiri, èyí tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í yí, pẹja lódò, àmọ́ ọkàn mi ti ń fà sí centerpin, èyí tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yí bí okùn ṣe ń jáde. Mo yá ti ọ̀rẹ́ mi kan wò. Bí mo bá ti jù ú báyìí, bí okùn ò bá ta kókó lórí kẹ̀kẹ́, àléfòó, igi kékeré tó ń gbé ìjẹ dúró lójú omi, á já lulẹ̀ síbi ẹsẹ̀ mi. Ọ̀rẹ́ mi ní bíárìn rẹ̀ ló ti gbó, pé kí n lọ ra èyí tó jẹ́ pé bí mo bá fọwọ́ ta á, á yí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin kó tó dúró. Ẹlòmíràn ní kí n má tiẹ̀ sún mọ́ oníbíárìn rárá. Èwo ni kí n rà? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń jù ú tí mi ò fi ní máa tú kókó láti àárọ̀ dalẹ́?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Bí mo ṣe gbọ́ ọ yé, ẹ̀rù tó ń bà yín ni pé ẹ lè náwó gidi sórí ríìlì tuntun, kí wàhálà àtijọ́ sì bá yín délé. Ẹ̀rù yẹn tọ́, torí ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rẹ́ yín pa pọ̀ ṣe ọ̀kan: bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń yí, àti bí ọwọ́ ṣe ń darí rẹ̀. Okùn tó ń ta kókó nígbà tí ẹ bá jù ú kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi bíárìn. Kódà, bí bíárìn bá ṣe ń dán sí i ni kókó ṣe máa ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, nítorí kẹ̀kẹ́ tí nǹkan kan kò dí lọ́wọ́ kò mọ̀ pé àléfòó ti balẹ̀. Àléfòó dúró, kẹ̀kẹ́ ń yí lọ, okùn tí kò rí ibi tó máa gbà jáde á wá wú sórí kẹ̀kẹ́, á sì lọ́ mọ́ra. Bí ẹ bá lọ ra èyí tó ń yí ju ti ọ̀rẹ́ yín lọ láì tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka dá a dúró, ẹ fowó ra kókó ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí centerpin jẹ́. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni, tó jókòó sórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró láàárín. Kò ní jíà. Kò ní ohun tó ń tú okùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹja bá ń fà. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ náà yí lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Kẹ̀kẹ́ tí ìbú rẹ̀ láti etí dé etí jẹ́ íǹṣì 4 máa ń ká okùn tó tó sẹ̀ǹtímítà 32 wọlé ní ìyí kan bó bá kún dáadáa. Èyí tó jẹ́ íǹṣì 4 àbọ̀ á ká bíi 36. Àwọn apẹja odò Trent ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n sọ irú ríìlì yìí di olókìkí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, igi ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ ẹ nígbà náà. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ṣe ni pé kí àléfòó máa bá odò lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́nà jíjìn, kí okùn sì máa tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́ láìfà á sẹ́yìn. Nígbà tó di ọdún 1905, Alfred Illingworth, òun náà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ oníṣẹ̀dá lórí ríìlì tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í yí, irú èyí tí ẹ ń lò báyìí. Ìyẹn yanjú ọ̀rọ̀ jíjù. Ọmọdé lè fi ju ìwọ̀ jìnnà. Bí ó bá jẹ́ pé jíjù ni iṣẹ́ centerpin, ì bá ti kógbá wọlé látìgbà yẹn. Àmọ́ àwọn tó ń pẹja lódò tó ń ṣàn kò jù ú nù, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń wá ẹja steelhead ní British Columbia ní Kánádà àti ní àwọn odò tó ń ṣàn sínú àwọn Adágún Ńlá láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà ṣì ń lò ó títí di òní.

Ìdí tí wọn kò fi jù ú nù ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa, torí òun ló máa sọ fún yín irú èyí tí ẹ máa rà. Omi ìsàlẹ̀ odò kì í sáré bíi ti òkè. Òkúta, iyanrìn àti koríko tó wà ní ìsàlẹ̀ ń dì í mú, nítorí náà bí omi bá ṣe sún mọ́ ilẹ̀ odò tó ni ó ṣe ń lọ́ra tó. Àléfòó yín wà lókè níbi tí omi ti ń sáré. Ìjẹ wà nísàlẹ̀ níbi tí omi ti ń rọra lọ. Bí ẹ bá fi àléfòó sílẹ̀ kó máa lọ bó ṣe wù ú, á máa wọ́ ìjẹ lẹ́yìn ara rẹ̀, ìjẹ náà á sì máa sáré ju gbogbo oúnjẹ tí odò ń gbé kọjá níwájú ẹja lọ. Ẹja tó ti gbọ́n á jẹ́ kó kọjá. Ohun tí ìka tó wà létí kẹ̀kẹ́ centerpin ń ṣe nìyí: ó ń rọra dí àléfòó lọ́wọ́, tó fi jẹ́ pé àléfòó á máa lọ díẹ̀ sẹ́yìn eré omi òkè, ìjẹ á bọ́ síwájú, ẹja á sì kọ́kọ́ pàdé ìjẹ kó tó kan òjé tàbí okùn. Bí ẹ bá wo orí àléfòó lákòókò yẹn, ẹ máa rí i pé ó fẹ́yìn díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín, omi sì ń là kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ tún lè dá a dúró pátápátá fún ìṣẹ́jú àáyá bíi méjì níbi tí ẹ bá fura pé ẹja wà: ìjẹ á gbéra kúrò nílẹ̀, á fò sókè díẹ̀, bí ẹ bá tún tú u sílẹ̀, á rọra balẹ̀ padà. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹja sábà máa ń gbé e. Ríìlì tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í yí lè gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n okùn ń jáde lára rẹ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po ni, ìka yín kò sì lè dín in kù wẹ́rẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́ tó ń yí lábẹ́ ìka.

Ẹ ti rí i báyìí pé odò ló ń yí kẹ̀kẹ́ náà, kì í ṣe ọwọ́ yín. Agbára tí àléfòó kékeré fi ń fa okùn kò tó nǹkan. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ríìlì kí ẹ tó rà á ni pé, agbára kékeré wo ló tó láti mú un gbéra láti ojú kan? Iye ìṣẹ́jú tó máa lò lẹ́nu yíyí lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi gbogbo ọwọ́ ta á bí òkòtó kò dáhùn ìbéèrè yẹn. Ó tiẹ̀ lè tàn yín jẹ. Kẹ̀kẹ́ tó wúwo, bó bá ti gbéra, ìwúwo rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e lọ, torí náà ó lè yí pẹ́ ju èyí tó fúyẹ́ lọ. Àmọ́ òun kan náà ló máa ń ṣòro láti gbéra nígbà tí àléfòó kékeré bá ń fà á, òun náà ló sì máa ń ṣòro láti dá dúró nígbà tí àléfòó bá balẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ọ̀rẹ́ yín ń wá lè jẹ́ àmì kẹ̀kẹ́ tó wúwo jù fún iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Yàtọ̀ síyẹn, láìsí okùn lórí rẹ̀ ni wọ́n máa ń ta á nínú ilé ìtajà, nígbà tó jẹ́ pé lódò, okùn tó ti tutù ń gba inú òrùka ọ̀pá tó pọ̀ kọjá.

Ìdánwò tí mo gbà gbọ́ nìyí. Ẹ fi ríìlì sára ọ̀pá, ẹ fi okùn gba inú gbogbo òrùka rẹ̀, ẹ so hóró òjé kan tó tó gíráàmù kan mọ́ ẹnu okùn, ẹ na ọ̀pá síwájú kí òjé máa rọ̀ sílẹ̀. Ẹ mú ìka kúrò létí kẹ̀kẹ́ láìta á, láìmi ọ̀pá. Ríìlì tó dára máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀, òjé á sì máa sọ̀ kalẹ̀ láìdúró, láìta gìrì. Bó bá dúró, ẹ yí kẹ̀kẹ́ díẹ̀ síbòmíràn kí ẹ tún un ṣe. Bó bá ń gbéra láwọn ibì kan tí kì í sì gbéra láwọn ibòmíràn, nǹkan kan ti wọ́ nínú rẹ̀, ẹ má rà á. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí ẹ fi òjé dán an wò, ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí ọwọ́ rẹ̀ tàbí kí ẹ fi ìka kan ṣoṣo kàn án fẹ́rẹ́, kí ẹ wo bó ṣe ń dáhùn sí ohun tó kéré. Ìyẹn wúlò ju kí ẹ ta á pẹ̀lú gbogbo agbára lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ bíárìn àti àìsí bíárìn, àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn ló sọ òótọ́ díẹ̀. Èyí tí kò ní bíárìn, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jókòó sórí irin tí wọ́n dán gan-an, ó sì ń yí lórí ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín irin àti kẹ̀kẹ́. Nígbà tí omi bá ń rọra lọ, yíyí rẹ̀ máa ń tutù lábẹ́ ìka, kò sì ní ariwo. Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó péye ló ń mú un dára. Èyí tí wọ́n ṣe ní ìkánjú máa ń mì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, á sì máa há. Ìdọ̀tí iyanrìn tín-ín-tín náà á dí i lọ́wọ́. Oníbíárìn kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yìí. Ilé iṣẹ́ tí kò lókìkí pàápàá lè fi bíárìn méjì tó dára ṣe ríìlì tó ń yí tààrà, bó bá sì bàjẹ́, ẹ lè yọ ọ́ kí ẹ fi òmíràn sí i. Ohun tó ń bà á jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ni gíríìsì. Bíárìn tuntun sábà máa ń kún fún gíríìsì tó nípọn, gíríìsì yẹn sì tún máa ń ki sí i nígbà òtútù. Bí ẹ bá fi òróró kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, tí ẹ jẹ́ kó gbẹ, tí ẹ sì fi ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kán an lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ lè má mọ̀ pé ríìlì kan náà ni. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, oníbíárìn ni mo máa ní kó rà. Bó bá ti mọ ọwọ́ yín, tí ẹ sì rí èyí tí kò ní bíárìn tó kọjá ìdánwò òjé, ẹ lè gbà á tayọ̀tayọ̀.

Nípa ìtóbi, láti íǹṣì 4 dé 4 àbọ̀ ló dára fún ọ̀pọ̀ odò. Èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń pẹ́ kó tó ká okùn wọlé; èyí tó tó íǹṣì 5 ń yára ká okùn, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ ń fẹ́ àléfòó tó lágbára, irú èyí tí àwọn tó ń pẹ steelhead ń lò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ àti awo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ mú okùn tó fẹ́lẹ́ jù lọ tí ẹ máa lò, ẹ gbìyànjú láti tì í bọ inú àlàfo náà yípo. Bó bá wọlé, á máa wọlé lódò pẹ̀lú, kò sì sí ohun tó ń ba ọjọ́ jẹ́ tó kí okùn fẹ́lẹ́ wé mọ́ irin àárín. Ẹ tún wò ó bóyá ìka yín dé etí kẹ̀kẹ́ láìjẹ́ pé ẹ yí ọwọ́ mú ọ̀pá padà, torí ibẹ̀ ni ìka yín máa wà ní gbogbo ọjọ́. Ohun tó ń ké tatata nínú rẹ̀ bí ẹ bá tì í wọlé, ìdíwọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹ bá ń rìn káàkiri ni, kí okùn má baà tú dànù. Wọn kò ṣe é fún kí ẹja máa fà á.

Okùn ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ lo okùn nílọ́ọ̀nù tó ń léfòó, tí kò sì le kankan. Fún ẹja bíi roach àti chub, èyí tí agbára rẹ̀ wà láàárín 4 sí 6 pọ́n-ùn ti tó. Fún steelhead, 8 sí 12 ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹ má fi okùn híhun bẹ̀rẹ̀, torí ó máa ń rì sínú èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, á sì há síbẹ̀ nígbà tí àléfòó bá ń fà. Òun náà ni ìdí tí kò fi yẹ kí okùn tí ẹ máa lò jìn wọ inú kẹ̀kẹ́: ẹ fi okùn àtijọ́ kan kún ìsàlẹ̀ kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ká bíi mítà 100 okùn tuntun lé e lórí, kí ẹ máa fi ìka méjì dì í mú bí ẹ ṣe ń ká a kó lè jókòó le. Ẹ má jẹ́ kó kún dé etí. Okùn tó kún dé etí kò nílò kí ẹ ṣàṣìṣe kankan kó tó yọ́ bọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

Ó wá ku jíjù. Ẹ̀kọ́ tó dáa jù tí mo lè fún yín ni pé kí ẹ má jù ú rárá ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ dúró níbi tí omi ti ń ṣàn nítòsí bèbè, ẹ fi ọ̀pá gbé àléfòó kalẹ̀ síwájú ara yín, kò ju bí ọ̀pá ṣe gùn lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí odò gbé e lọ. Ẹ kọ́ ìka yín ní ohun tí kẹ̀kẹ́ ń sọ kí ẹ tó kọ́ apá yín ní jíjù. Ohun tí mo mọ̀ tó ń mú kí okùn ta kókó lọ́wọ́ ẹni ni pé apá ti ń sáré nígbà tí ìka kò tíì mọ nǹkan kan.

Bí ìka bá ti gbọ́n díẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jíjù tí kẹ̀kẹ́ kò ti ní yí rárá. Ẹ fi àtàǹpàkò tàbí ìka ìlábẹ̀ tẹ etí kẹ̀kẹ́ kó dúró. Ẹ fi ọwọ́ kejì fa okùn láàárín òrùka àkọ́kọ́ àti èkejì, kí ẹ fi ìka kan gbé e dání. Ẹ tún fi ìka mìíràn fa òmíràn láàárín òrùka kejì àti ẹ̀kẹta, bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ fa ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Okùn mẹ́ta tó rí bí ọrun nà sọ́dọ̀ yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àléfòó fì láti ìsàlẹ̀, kí ẹ jù ú síwájú wẹ́rẹ́, kí ẹ sì tú àwọn okùn ọwọ́ yín sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àléfòó ṣe ń fà wọ́n. Pẹ̀lú ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 13, èyí lè gbé àléfòó dé bíi mítà méje, mẹ́jọ. Ẹ̀yin á ní kò jìnnà. Lódò, ó jìnnà tó. Ọ̀pọ̀ ẹja wà nítòsí bèbè ju bí a ṣe rò lọ, odò fúnra rẹ̀ ló sì máa gbé àléfòó lọ sí mítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà apẹja kò fi ohun mìíràn pẹja ju èyí lọ títí ayé wọn, ẹja wọn kò sì dín.

Ẹ máa rí àwọn kan tó máa kọ́ yín ní jíjù ẹ̀gbẹ́: kí ẹ yí ríìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí okùn máa ta yọ kúrò lórí etí kẹ̀kẹ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró sójú kan. Ó rọrùn, ó sì ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀san. Ìlọ́po kọ̀ọ̀kan tó bá ta yọ bẹ́ẹ̀ máa ń fi ìlọ́ kan sínú okùn. Bí ẹ bá ju mítà 20 lórí kẹ̀kẹ́ íǹṣì 4, ìlọ́ bíi 60 ti wọ inú okùn yín nìyẹn, kíká a padà kò sì ní yọ ọ́, torí kẹ̀kẹ́ ń yí ni nígbà tí ẹ bá ń ká a. Peter Malloch ti ìlú Perth, nílẹ̀ Scotland, rí ìṣòro yìí tipẹ́; ní 1884 ló gba ìwé àṣẹ lórí ríìlì tí wọ́n lè yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ju ìwọ̀ kí wọ́n sì dá a padà láti ká okùn, wọ́n sì lè gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí ìdàkejì kí ìlọ́ lè máa tú. Irú jíjù ẹ̀gbẹ́ yìí náà ni ríìlì Alvey ti ilẹ̀ Ọsirélíà ń lò létí òkun. Lórí centerpin odò, ẹ lè lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, àmọ́ bí okùn bá ti ń ká lójú omi, ẹ yọ àléfòó àti ìwọ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kí odò na gbogbo okùn náà sí ìsàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á tú ìlọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Jíjù tí ọkàn yín ń fẹ́, tí kẹ̀kẹ́ ń yí tí àléfòó sì ń fò, ni wọ́n ń pè ní Wallis, orúkọ F.W.K. Wallis, apẹja Nottingham tó sọ ọ́ di mímọ̀. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí fún ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka kan tẹ etí kẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ kí àléfòó rọ̀ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀pá dáadáa. Ẹ fi ìka ọwọ́ òsì gbé okùn láàárín ríìlì àti òrùka àkọ́kọ́. Ẹ rọra fi ọ̀pá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àléfòó ní ìwúwo lẹ́yìn yín, kí ẹ wá gbé e bọ̀ síwájú. Bí ọ̀pá ṣe ń bọ̀ síwájú, ẹ mú ìka kúrò létí kẹ̀kẹ́, kí ọwọ́ òsì sì fa okùn jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ lákòókò kan náà, kì í ṣe pẹ̀lú ìjà. Ọwọ́ òsì ló ń yí kẹ̀kẹ́ gbéra, kí àléfòó má baà ja kẹ̀kẹ́ tó dúró sójú kan. Bí àléfòó bá ti ń fò, ẹ jẹ́ kí okùn yọ́ kúrò lórí ìka òsì, kẹ̀kẹ́ á sì máa yí tẹ̀ lé e. Ìka ọ̀tún á padà sétí kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, á máa dín in kù, á sì dá a dúró pátápátá kí àléfòó tó kan omi, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti kàn án.

Ìṣòro tí ẹ kọ sí mi wà níhìn-ín. Àléfòó tó já sí ẹsẹ̀ yín: apá ti ń jù, kẹ̀kẹ́ kò tíì gbéra, torí ọwọ́ òsì kò fà á tàbí ó pẹ́ kó tó fà á. Okùn tó ta kókó: ẹ fi ipá ta kẹ̀kẹ́ gbéra ju eré àléfòó lọ, tàbí ìka ọ̀tún kò padà sétí kẹ̀kẹ́ lásìkò. Bí kókó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ fífò, ìjà ọwọ́ òsì ni. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ìparí, ìka ọ̀tún ni. Ẹ wo ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ ò ní máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, centerpin gan-an ló jẹ́rìí sí i: ìdajì agbára tí ẹ ń lò báyìí ti pọ̀ jù.

Ìwúwo àléfòó náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ Wallis pẹ̀lú àléfòó tí òjé rẹ̀ kò tó gíráàmù méjì ń fìyà jẹ ara rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ń gba gíráàmù 5 sí 8, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣe ń mọ́. Bí ẹ bá ń lo hóró òjé tó wọ́pọ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà sàmì sí ìtóbi rẹ̀, ẹ rántí pé SSG kan wúwo tó AAA méjì, AAA kan sì wúwo tó BB méjì. SSG jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 1.6. Ẹ kó èyí tó pọ̀ nínú òjé náà jọ sí ojú kan nígbà tí ẹ ṣì ń kọ́ jíjù, torí èyí tí wọ́n tú káàkiri okùn máa ń lọ́ mọ́ra nínú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ní tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ kékeré tó ń fẹ́ láti ìsàlẹ̀ odò wá sí òkè máa ń bá yín dá àléfòó dúró, ó dára. Èyí tó ń fẹ́ láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀ máa ń gbé okùn ṣíwájú àléfòó, á sì máa wọ́ ọ. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò bọ́gbọ́n mu kí ẹ jẹ́ kí àléfòó lọ jìnnà. Ẹ pẹja nítòsí.

Bí ẹja bá gbé e, ẹ tẹ etí kẹ̀kẹ́ kí ẹ sì gbé ọ̀pá sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà yẹn, àtàǹpàkò tàbí àtẹ́lẹwọ́ yín ni bíréèkì. Ẹja tó bá fẹ́ sáré, ẹ jẹ́ kó sáré, ṣùgbọ́n kí ó máa sanwó lábẹ́ ìka yín. Ẹ yọ ìka kúrò lọ́nà ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń yí, ó máa ń gbá eegun ìka kíkan kíkan. Bí ẹja bá sì yí padà tó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ yín, yíyí lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní bá a. Ẹ fi ìka mẹ́rin gbá etí kẹ̀kẹ́ sísàlẹ̀ léraléra, á máa yí lọ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín gbígbá kan sí èkejì, okùn á sì yára wọlé. Ẹ máa fi èyí dánra wò nílé láìsí ẹja, torí ọjọ́ tí ẹja ńlá bá dé kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀kọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára ríìlì yìí mọ. Bí ibi tí ẹja wà bá jìn tó mítà 25 sí bèbè, tàbí tí ẹ bá fẹ́ máa ju ìwọ̀ onírin kí ẹ sì máa fà á padà, tàbí tí omi kò ṣàn rárá, èyí tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ ló dára jù, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ má ta á. Mi ò tún lè fi ìwé kíkọ rọ́pò ẹni tó máa dúró tì yín létí odò tó máa rí ọwọ́ yín. Bí ẹ bá rí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n, wákàtí kan pẹ̀lú rẹ̀ ju gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè sọ, láìfọwọ́ kàn án, bóyá bíárìn ríìlì ọ̀rẹ́ yín ti gbó lóòótọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ tọrọ ríìlì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ fọ gíríìsì inú rẹ̀, ẹ ṣe ìdánwò òjé, ẹ dín okùn orí rẹ̀ kù bó bá kún jù, kí ẹ sì fi jíjù àkọ́kọ́ tí mo ṣàlàyé lo bíi ọjọ́ mélòó kan lórí omi tó ń rọra ṣàn. Bó bá gbéra pẹ̀lú gíráàmù kan, bíárìn rẹ̀ kò gbó, ẹ lè kọ́ Wallis lórí rẹ̀ kí ẹ tó ra tiyín. Bó bá ń há níbì kan náà lẹ́yìn tí ẹ ti fọ̀ ọ́, ẹ fi ọwọ́ mi etí kẹ̀kẹ́ wò: bó bá ń jó láti iwájú sí ẹ̀yìn, irin àárín tàbí bíárìn ti jẹ, ẹ dá a padà fún un pẹ̀lú ọpẹ́, kí ẹ sì lọ wá oníbíárìn íǹṣì 4 àbọ̀ tó fúyẹ́, tí àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba okùn.